Omi Àlùwàlá Bàbá Ràímì

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́

Ó ti sú mi. Láti Daagbé dé Ifangni lórí kẹ̀kẹ́, eruku pupa ò jẹ́ kí n mọ àwọ̀ ara mi mọ́. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn bùrò, ibi iṣẹ́ wa, tún ti gbẹ. Òógùn ń kán lára mi, bẹ́ẹ̀ ṣẹ́fù, ọ̀gá wa, ti ń yínmú sí mi láti ọjọ́ Ajé. Ni mo bá rí búta kan tí omi kún inú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo fi omi náà fọ abíyá, ọrùn àti ẹsẹ̀, mo lò ó tán pátá.

Bí mo ṣe ń gbé e padà ni mo bá Bàbá Ràímì, ọlọ́dẹ wa, tó ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé omi àlùwàlá yín ni."

"Dìde, ọmọ mi. Bí omi ò bá sí, Ọlọ́run á gba erùpẹ̀."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Eruku yẹn kan náà tí mo fi omi rẹ̀ ṣan dànù! Ó sì lọ kírun.

Èmi wọlé. Mo kí ṣẹ́fù. Ó ṣí fèrèsé, ó ní kí n gbé tábìlì mi lọ sí yàrá ẹrù.

Ọ̀la ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ yìí náà, ọ̀nà yìí náà...

Mo ń gbọ́ ohùn Màámi níta báyìí. Ó ń sọ fún aládùúgbò wa pé ọmọ òun ti rí iṣẹ́ tí kì í mú ènìyàn làágùn.