Láfún Orí Ìgbòkun

                                        Abúlé Akínfẹ́nwá,
                                        Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Kaothar, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Yasir ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń hú nígbà ọyẹ́ ti fi í sílẹ̀? Orúnkún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè kúnlẹ̀ kírun? Gbogbo ará Olódò, ẹ kú ooru o. Àwa náà wà níbí, alihamudulilahi. Àní ẹni tí kò yẹ kó wà láàyè pàápàá wà láàyè, ìtàn rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ògiri ilé wa ò dá ọ̀rọ̀ dúró, etí ọkọ mi sì mú. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé kà, nítorí náà inú ìwé ni ọ̀rọ̀ mi ti lè fọkàn balẹ̀. Bí o bá kà á tán, fi dáná. Ohun kan tún ni pé mi ò ní pe Lìádì ọkọ mi ní "wọn" nínú lẹ́tà yìí. Ojú rẹ̀ ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàrin èmi àti ìwọ, "ó" ni yóò máa jẹ́, kí àyà mi lè fúyẹ́ díẹ̀.

O rántí pé ọjọ́ tí mo wá bá ọ ṣe wòlímà Yasir ni Lìádì ta ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún abúlé mẹ́ta, tí mo fi ń rán Safwan níléèwé. Nígbà tí mo dé, ojú ibi tó wà nìkan ni mo bá, pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú lórí sìmẹ́ńtì. Ó ti tà á fún ọkùnrin kan ní Lalupon, ó sì fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù lọ́wọ́ Bàbá Lazarus. Ìlàjẹ ni bàbá yìí, àgbàlagbà apẹja tó ń gbé létí dáàmù wa, ọmọ ìjọ Kérúbù. Kì í ṣe ọkọ̀ alájẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ o. Onígbòkun ni. Òpó kan dúró láàrin rẹ̀, aṣọ funfun ńlá kan sì so mọ́ òpó náà tí atẹ́gùn máa ń fẹ́ tí ọkọ̀ á fi lọ. Bàbá Lazarus ní irú rẹ̀ làwọn fi dàgbà nílé àwọn.

Lìádì ní epo bẹntiróòlù ti wọ́n ju agbára lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni atẹ́gùn. Òun ni yóò máa kó àwọn ọlọ́jà gba ojú omi kọjá, dípò kí wọ́n máa gun ọ̀kadà yí gbogbo dáàmù po. Ọ̀rọ̀ yẹn ò burú, ká má purọ́. Ẹ̀rọ ta ló tà ni èmi ń béèrè.

Mo béèrè é lójú àwọn ẹbí rẹ̀. Ó dìde, ó na ìka sí mi lójú, ó ní, "Àbíkẹ́, gbogbo yín ẹ gbọ́ o. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí lẹ́nu ẹ mọ́. Ì báà jóná, ì báà rì, má dá sí i. Ọjọ́ tó o bá dá sí i, ìta lo máa bá ẹrù ẹ." Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní ìgbọràn ló ń gbé obìnrin nílé ọkọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́. Kaothar, mo gbọ́ lóòótọ́.

Ta ló ń ṣe gàrí láìsí ẹ̀rọ? Mo padà sí láfún ṣíṣe bí àwọn ìyá wa àtijọ́. Mò ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, mò ń fi ọwọ́ fún un, mò ń sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n iyanrìn ń kó sí i lára, ewúrẹ́ sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbòkun ọ̀gá wà ní yàrá, aṣọ òwú tó nípọn, tó fẹ̀ tó àgbàlá. Ó gbé e wálé kí olè má baà jí i, nígbà tí òun àti Bàbá Lazarus ń dí ihò ara ọkọ̀ létí omi, tí bàbá sì ń fi ọkọ̀ kékeré tiwọn kọ́ ọ níṣẹ́. Àárọ̀ ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Tó bá ti lọ, èmi á tẹ́ ìgbòkun sórí àpáta, n ó sá láfún mi lé e. Kó tó dé, n ó ti ká a padà, tòun ti ọ̀rinrin lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Ọlọ́run ló mọ̀ pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí n ó sá nǹkan sí lásán ni mò ń wá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Bàbá Lazarus ya ilé wa lọ́sàn-án, wọ́n fẹ́ wá wọn okùn. Wọ́n bá láfún lórí aṣọ náà. Wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì ra etí aṣọ. Wọ́n ní, "Ìyá Safwan, omi ẹ̀gẹ́ máa ń jẹ aṣọ. Ẹ kó o kúrò níbẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún bàálé yín kó tó gbé e jáde, a lè wá òmíràn." Wọn ò bínú. Mo ní ẹ ṣé, bàbá, mo ti gbọ́. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì lọ.

Mi ò sọ fún Lìádì. Ṣebí òun ló ní kí n má dá sí i. Mo tún sá láfún lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ bí aṣọ ọmọ tuntun, mo fi búlúù sí i, ó funfun báláú. Mo fi ìka tẹ ibì kan níbẹ̀, ìka mi wọlé. Mo ká a kí ibẹ̀ lè wà nínú. Lìádì rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ní mo ti wá ń ṣe bí ìyàwó gidi. Oúnjẹ tí mo jẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá Lazarus ní àwọn ń lọ sí ìpàdé ìjọ wọn ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, kó má dá gun ọkọ̀ títí àwọn yóò fi dé. Ṣùgbọ́n Lìádì ti pariwo káàkiri pé Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà, ni ọjọ́ òun. Ẹni tó wa típà fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ni yóò tún jókòó tì í kọ́ ọ ní ìwakọ̀? Bí ó ṣe di Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí gbogbo abúlé dúró sétí omi. Jálàbíà tó fi kírun Iléyá ló wọ̀. Roheem, apẹja kan tó lójú àánú, gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ fún un, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní, pé kó mú un dání, ojú omi ò ṣe é mọ̀. Lìádì wò ó tìyanutìyanu. Ó ní, "Ta ló ń wa mọ́tò tó tún ń ru kẹ̀kẹ́ dání?" Ó ju àjẹ̀ náà sí mi, ó ní kí n bá òun dì í mú, kí èmi náà lè rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ ayọ̀ òun. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo dì í mú.

Kaothar, ó lọ o! Atẹ́gùn ọyẹ́ wọ inú aṣọ yẹn, ó wú, ọkọ̀ sì ń sáré lórí omi. Àwọn tó ti ń fi í ṣẹ̀sín láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Kápútéènì. Ìyá rẹ̀ ń jó. Àyà mi já. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù kó má lọ kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó má lọ dé òdìkejì.

Ó dé àárín gbùngbùn, ó fẹ́ yí orí ọkọ̀ padà kí a lè tún rí òun dáadáa. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. A gbọ́ ọ níbi tí a wà létí omi. Ìgbòkun ya fààà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ fì lọ, ó fì bọ̀, ó sì da olówó rẹ̀ sómi. Lìádì ò mọ omi í wẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀, jálàbíà sì bò ó lórí. Ó pe Ọlọ́run, ó pe ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń pè mí. "Àbíkẹ́ o! Àbíkẹ́, gbà mí o!" Ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rín, torí wọ́n rò pé yóò padà gun ọkọ̀.

Roheem ti ti ọkọ̀ tirẹ̀ sómi, ó wá sáré bá mi. "Ìyá Safwan, ẹ mú àjẹ̀ wá!" Mo gbọ́ ọ. Mo di àjẹ̀ náà mú. Mò ń wo orí ọkọ mi bó ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú omi, mo sì ń kà á, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ́ìlì dúdú orí sìmẹ́ńtì yẹn nìkan ló wà lójú mi. Roheem já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Àwọn obìnrin ní ẹ̀rù ló mú kí ọwọ́ mi gan, wọ́n ń bu omi sí mi lójú, wọ́n ń pè mí ní olólùfẹ́ òdodo.

Wọ́n gbé e dé láàyè, ó ń pọ omi. Jálàbíà ti bá omi lọ, ṣòkòtò náà ò sì sí mọ́. Ọ̀rọ̀ di yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ náà, Kápútéènì Aláìníṣòkòtò ni wọ́n ń pè é, àní lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pàápàá. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ni Lìádì rí.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ẹni tí yóò dá lẹ́bi ló ń wá. Ó pe Bàbá Lazarus lẹ́jọ́ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, ó ní aṣọ jíjẹrà ni bàbá tà fún òun, wọ́n fẹ́ pa òun ni. Bàbá Lazarus wá pẹ̀lú sùtánà funfun wọn, láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n gba àkísà ìgbòkun náà, wọ́n ra á, wọ́n gbé e sún mọ́ imú. Búlúù ò lè pa òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan. Ṣùgbọ́n gbogbo abúlé wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, "Ìyá Safwan, ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ọkọ mi ti ní mi ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n."

Ìyá ọkọ mi mi orí, wọ́n ní irú ìyàwó tí àwọn ń fẹ́ nìyẹn. Baálẹ̀ náà yìn mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì ń retí kí bàbá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ní àwọn kìlọ̀ fún mi, ó parí. Wọn ò sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá àánú mi ló ṣe wọ́n, tàbí wọ́n fẹ́ kí n máa dá ru ẹrù náà títí n ó fi kú. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gba ọkọ̀ wọn, kí wọ́n dá owó padà. Àlejò ni wọ́n, ta ni yóò gbè wọ́n lẹ́yìn? Wọ́n ta ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n ta àwọ̀n wọn, wọ́n san án.

Lìádì ní ìyá mi ló bínú sí òun láti ọ̀run nítorí ẹ̀rọ yẹn. Ó gba Lalupon lọ, ó rà á padà. Ó ti wà ní ààyè rẹ̀ báyìí, ó ń pariwo bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Inú mi dùn, Kaothar, mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú mi dùn, síbẹ̀ mi ò lè gba etí omi kọjá mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Lazarus ń kó ẹrù lọ sílùú wọn, wọ́n yà ní ilé wa. Wọ́n gbé ìgbòkun náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ so ibi tó ya pọ̀, wọ́n sì ká a dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ máa rí nǹkan sá láfún lé." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Wọn ò bínú nígbà yẹn náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí ìyá rẹ̀, kí o fi orúkọ mi gbá Yasir létí tó bá ń ṣe orí kunkun. Safwan ní kí n kí ọ, ó ń ṣe dáadáa níléèwé. Àpò tí Tèmídayọ̀ ọlọ́kadà gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tìrẹ ni. Láfún tó kù lọ́wọ́ mi kí ẹ̀rọ tó dé ni, orí ìgbòkun yẹn ni mo ti sá a gbẹ. Ó funfun, kò ní yanrìn rárá. Mo ro nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bu òkèlè kan, mo sì dá a padà sínú àwo. Lìádì ló fa àwo náà sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun ò jẹ láfún tó dùn tó báyìí rí.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí títí ayé,
                                        Àbíkẹ́,
                                        ìyàwó tó gbọ́ràn.