Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Lábẹ́ Mọ́tò

                                        Ẹ̀yìn Ọjà Tuntun,
                                        Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1974.

Dàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Ara tèmi le, àfi àyà mi tí páìpù mọ́tò jábọ́ lù. Ìròyìn rẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọ. Jọ̀wọ́, má kà á sókè níwájú ìyàwó rẹ.

O mọ̀ pé Bàbá Ìbídùn ò tíì dá wa lóhùn. Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tí àwọn ò fojú ara àwọn rí. Wọ́n wá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí àbúrò wọn ní Ìlọrin, pé àwọn á yà sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, kí n sì fi mọ́tò gbé àwọn padà sí Ọ̀mù-Àrán. Bí wọ́n bá ṣe rí mi lọ́jọ́ náà ni wọn yóò fi pinnu.

Mọ́tò ìjàpá mi tó o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ sì ti ń pariwo láti oṣù tó kọjá. Tí mo bá ṣì wà ní ìkóríta, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti sá wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín páìpù èéfín àti ẹ́ńjìnnì ló jó. Kéèyàn tó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú nọ́ọ̀tì kúrò lórí irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sítọ́ọ̀dù. Ṣe ni mo yẹ kí n gbé e lọ bá Wàhábì, mẹkáníìkì mi ní Ọ̀fà Garage. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu fún Ìbídùn pé mẹkáníìkì kankan kì í fọwọ́ kan mọ́tò mi. O mọ ẹnu mi yìí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fi jáàkì gbé ìdí mọ́tò sókè, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo fi sípánà fa nọ́ọ̀tì, kò mira. Mo ti páìpù gígùn kan bọ ìdí sípánà, torí tíṣà ìṣirò ni mí, mo mọ̀ pé yóò fi kún agbára mi. Ohun tí n ò rò ni pé ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì ni mo ti ń wò ó. Mo rò pé mò ń tú u, àṣé mò ń dè é sí i ni. Nígbà tó dún pàù, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ yọ̀. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ mi ni mo rí i pé sítọ́ọ̀dù ti kán, ìdajì rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì.

Mo ń fi wáyà so páìpù èéfín náà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí bàtà dúdú kan àti etí agbádá. Mo gbọ́ ohùn Ìbídùn: “Bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe o. Mẹkáníìkì kankan kì í fọwọ́ kàn án.” Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gẹ́lẹ́ ló ń sọ.

Ta ló ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kí àna? Ibẹ̀ sì há, n ò lè tètè jáde. Mo ní kí n yára yíjú délẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. N ò tíì yí délẹ̀ tán tí èjìká mi fi gbá wáyà, ó já, páìpù já lù mí láyà. Mo ṣáà rí i dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wò mí. “Ta ló bà á jẹ́?”

Wàhábì ni mo fẹ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n Ìbídùn ti dí ọ̀nà yẹn mọ́ mi.

“Èmi ni, sà. Òdì ni mo yí i sí.”

Wọ́n ní kí n jáde wá fọjú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ti gbà lọ́kàn mi pé Ìbídùn ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Wàhábì tí mo ránṣẹ́ pè dé, ó béèrè pé, “Tíṣà, ṣé ẹ bá a jà ni?” Ó ní wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, ló máa yọ sítọ́ọ̀dù tó kán náà, wẹ́dà sì ti lọ síbi ìgbéyàwó ní Oke-Oyi. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n tó jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ìdí sítọ́ọ̀dù tó kù, wọ́n rọra ń yí i síwá sẹ́yìn títí ó fi jáde. Mo dúró lókèèrè, mo káwọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́dọ̀ délé ní Sátidé náà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ wọ mọ́tò èrò ní Ọ̀fà Garage. Lọ́nà, ìyá kan tó jókòó tì wá bi Bàbá pé ta ni ọmọkùnrin tó ní gírísì létí yìí.

Bàbá ní, “Ọkọ ọmọ mi ni. Ó ní mọ́tò tirẹ̀ nílé o. Òun ló tún un ṣe, ìdí nìyẹn tá a fi wọ èyí.”

Gbogbo mọ́tò ló bú sẹ́rìn-ín, títí kan dẹ́rẹ́bà. Ìbídùn fi gèlè bojú. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, torí ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ ni mo gbọ́, n ò ráyè ìyókù.

Oṣù Kejìlá ni ìdáná. Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Ẹ wọ mọ́tò èrò wá o, ẹ má retí pé kí n wá gbé yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà ṣì ń dùn,
Fọláránmi.