Àkísà Pupa Tó Wà Lórí Búlọ́ọ̀gì Kíláàsì Wa

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo máa ń jí báyìí. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó díẹ̀díẹ̀ kí n tó gbé èkejì, kí ó má baà dún, kí àwọn ọmọ Àǹtí má baà jí. N ó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja jáde lọ sí etí òkun, níbi tí mo ri igi kan mọ́ iyanrìn. N ó mì í wò bóyá ó ṣì dúró ṣinṣin, n ó wo ibi tí omi ru dé ní òru, n ó tún àkísà orí rẹ̀ so, n ó sì sáré padà lọ gbé korobá omi kí ẹnikẹ́ni tó béèrè mi. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní Ayétòrò náà ni. Àbí ó ku nǹkan kan tí mo gbàgbé?

Àǹtí, àbúrò yín obìnrin, ló mú mi wá sí Abereke lẹ́yìn tí a sin yín. Màmá ṣì ń wá ilé ní Ìgbókọ̀dá, torí òkun ti gbé tiwa lọ. Mi ò tí ì ní ọ̀rẹ́ níbí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ní, “Ọmọ Ayétòrò, ṣé òkun ló sìn ẹ́ wá?” Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó lè tán.

Tíṣà wa ṣí búlọ́ọ̀gì kan fún kíláàsì wa. Fóònù rẹ̀ la fi ń kọ ọ́, lórí afárá pákó, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Àwọn òbí máa ń kà á. Tíṣà kì í fi orúkọ ọmọ kankan sí i, nítorí àwọn àjèjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀.

Ó ní kí kálukú ya fọ́tò ohun tó máa ń wò lójoojúmọ́. Igi mi ni mo yà. Gbólóhùn kan péré ni mo kọ sábẹ́ rẹ̀, pé mo máa ń lọ síbẹ̀ ní àràárọ̀.

Àkísà náà pupa. Ara ògbólógbòó ìró Màmá ni. Ní Ayétòrò, àkísà lásán ni. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ẹ fi ń wo bí omi ṣe ń sún mọ́ ilé ni. Mi ò mọ̀ pé ààlè ni wọ́n máa kà á sí níbí, pé ẹnì kan fi dí èbúté kí ẹja má baà wọ àwọ̀n. Ẹja sì ti ṣọ̀wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí àwọn apẹja ṣe rí fọ́tò náà, wọ́n kó ọkọ̀ wọn kúrò níbẹ̀.

Lánàá, Ìyá Tósìn, aládùúgbò wa, wá bá Àǹtí nídìí ààrò. “Ọmọ ta ló ń lọ bọ nǹkan láràárọ̀? Ká ṣáà ti mọ̀ ọ́n, òun àti ẹni tó gbé e wá ló máa palẹ̀ ẹrù mọ́.”

“Ẹ rọra, Ìyá Tósìn,” ni Àǹtí wí. “Ọmọdé ni.”

Àǹtí ò mọ̀ pé èmi ni. Ẹja ọwọ́ mi bọ́ sínú eérú.

Àwọn àgbà ti pe Tíṣà. Kò dárúkọ mi. Wọ́n ní bí kò bá sọ, kó pa búlọ́ọ̀gì rẹ́, kó sì máa lọ. Ó wọ kíláàsì lónìí, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Bí wọ́n bá lé Àǹtí ńkọ́? Ibo la tún kù sí? Omi ti gbé igi tí mo kọ́kọ́ rì lọ. Èkejì ni wọ́n rí yìí, ó sì ti sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá fà á tu, ta ni yóò mọ ibi tí omi dé? Ẹ máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ẹ tó dá àwọn àgbà lóhùn. Ṣé ẹ̀rù ló máa ń bà yín nígbà yẹn?

Lọ́la, n ó kọ́kọ́ sọ fún Àǹtí, kó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà n ó lọ bá Tíṣà lórí afárá, n ó tọrọ fóònù rẹ̀, n ó kọ ohun tí mo fi igi náà ṣe àti ẹni tó kọ́ mi. Ó lè kọ̀, ṣùgbọ́n n ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fi orúkọ mi sí i.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.