Fìlà Kámò Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024
Mo fọ kámò Àgùntáṣọọ́lò ọkọ mi lónìí — aṣọ ṣójà tó fi sílẹ̀. Inú yàrá ni mo sá a sí. A ò sí ní báráàkì Ọ̀jọ́ mọ́. Bí ṣójà bá rí kámò lórí okùn aráàlú ní Àjàngbàdì yìí, wàhálà dé. Fìlà nìkan ni mi ò fọ̀. Òórùn orí ọkọ mi ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá ṣójà ní àwọn ò rí i lójú ogun ní Bọ́nò. Wọn ò sọ pé ó kú. Òun náà ló máa ń sọ pé, "Motúnráyọ̀, ẹni tí wọn ò bá rí, wọn ò lè pa á." Kámò rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ó lúgọ síbì kan.

Ọjọ́rú, 9
Ìyá ọkọ mi dé láti Ìlaròó. Wọ́n ní ẹni tó bá kú sógun, ẹ̀ta rẹ̀ — irun àti èékánná — là ń gbé wálé sin. Wọ́n ti rí irun nínú fìlà. Mo já a gbà. Mo ní, "Màámi, ẹ ò ní bá mi sin alààyè." Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Ọ̀gà kan, alágẹmọ tó ń pa àwọ̀ dà, wà lára igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ kí n tó rí i. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Mi ò bá Màámi jẹun. Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 17
Adébọ̀wálé wá, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ mi lójú ogun. Ọsibítù ló ti ń bọ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó yọ ẹ̀wù kámò kan nínú náílọ̀nù — orúkọ Àgùntáṣọọ́lò wà láyà rẹ̀.

Ó ní ìbọn ba òun lẹ́sẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀wù òun ya, wọ́n fi di ojú ọgbẹ́. Ọkọ mi wá bọ́ tirẹ̀, ó fi bo Adébọ̀wálé mọ́lẹ̀ nínú igbó. "Màdáámù, ọ̀gá ní kí n má mira. Àwọn yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ọlọ́run gbọ́, wọn ò rí mi."

Mo ní, "Ọ̀gá náà ń kọ́?" Ó ní síńgílẹ́ẹ̀tì funfun ló kù lọ́rùn ọ̀gá. Ó sáré gba ọ̀nà kejì kí àwọn ọ̀tá lè máa lé e lọ. Funfun báláú nínú igbó. Adébọ̀wálé rí i nígbà tó ṣubú. Ọ̀tá ló gba ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè padà lọ gbé e.

Mo fẹ́ kórìíra ọmọ náà. Mo bu oúnjẹ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Ìlaròó. Èmi ni mo ṣa irun náà nínú fìlà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fi ẹ̀wù kámò yẹn wé e. Màámi kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti bọ́ ọ, kí n má wọ̀ ọ́ fún un padà.

Aṣọ funfun la fi wé e, a sì sin ín.