Fíríìjì Tí O Fi Ránṣẹ́

Kọ́láwọlé, Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, mo kí Folúkẹ́ aya rẹ, mo kí Kíkẹ́lọmọ tí ojú mi kò tíì rí láti ọdún mẹ́ta tí ẹ ti bí i. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ogunu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí epo tí ẹ ń wa ní Warri gbẹ, kò sì ní jẹ́ kó dà lé yín lórí. Àlàáfíà ni mo wà, orúnkún mi nìkan ló ya aláìgbọràn.

Fíríìjì tí o fi ránṣẹ́ dé o. Háà, ó mà funfun o! Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, gbogbo àdúgbò wá kí mi kú oríire. Mo bu omi sí i, mo pa á dé fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní ọ̀nà Warri jìn, bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo bá fi aṣọ bò ó kó sinmi. Àfìgbà tí tíṣà Olúṣínà sọ pé láìsí iná mànàmáná, àpótí lásán ni. Mo kúkú kó èlùbọ́ sí i, àwọn eku sì wò ó tì.

Lẹ́tà rẹ wá dé. O ní o ò ní wá ṣe Iléyá, pé o fẹ́ ṣe ofataìmù kí o lè fi ra jẹnẹrétọ̀, kí fíríìjì lè ṣiṣẹ́, kí inú mi lè dùn. Àkànní, ta ló sọ fún ọ pé omi tútù ló ń dùn mí? Àmù bàbá rẹ ṣì wà ní igun ilé, omi rẹ̀ ń ta ni léyín. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́dọọdún ni mo ń ya ẹran Iléyá tìrẹ sọ́tọ̀, tí yóò gbẹ kankan, tí Wúlẹ̀mọ̀tù ará ilé wa yóò wá bá mi jẹ ẹ́. Oúnjẹ wà, ìlera wà, àfi kí ọmọ ẹni wọlé kó ní, "Ìyá, ẹ kú ilé."

O ní Píjìnì nìkan ni Kíkẹ́lọmọ ń sọ. Kò séwu. Tí mo bá ti pọ̀n ọ́n, a ó gbọ́ra wa yé.

Má bínú o, mo ti ta fíríìjì. Akíndúró télọ̀ ló rà á, aṣọ oníbàárà ló ń kó sí i. Mo ti fi owó rẹ̀ ra àgbò, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń jẹ èèpo iṣu. Ìyókù ló wà nínú àpòòwé yìí, owó ọkọ̀ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ o: ṣéńjì tó bá kù nínú owó ọkọ̀ náà. Má fi rán dẹ́rẹ́bà, má sì gbé e sí báǹkì. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kó o lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀nà á là fún yín, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ.

Èmi ni ìyá rẹ, Sìkírátù, tí omi àmù rẹ̀ tutù.