Agogo Tí Mo Lù Bí Ẹni Tílé Ẹ̀ Ń Jó

Ní ilé wa,
Ọ̀sán Àbámẹ́ta, Ádífẹ́ǹtì ku ọ̀la.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Alásè Orí Omi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òkun ń ṣe jẹ́jẹ́, ṣé ìgbì ń jẹ́ kí ìkòkò jókòó lórí iná? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìdúró, kó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Èmi ìyá rẹ wà láàyè. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ara mi.

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka èyí tó kù. Bàbá rẹ ti sọnù. Láti Ọjọ́rú ni wọ́n ti jáde nílé, a ò sì tíì rí wọn títí di ìsinsìnyí. Mo pè ọ́ títí, ohùn inú fóònù ń sọ fún mi pé ibi tí o wà kò ṣeé dé. Ọ́fíìsì ọkọ̀ yín ló ní kí n kọ lẹ́tà, pé àwọn á fi ránṣẹ́ sí èbúté tí ẹ máa kàn. Mo mọ̀ pé kó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀. Mò ń kọ ọ́ náà ni, torí bí mi ò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, orí mi á dàrú.

Ìgbà tí o wà nílé kẹ́yìn, ìgbàgbé tó ń ṣe wọ́n ṣì kéré, a ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. O rántí ọjọ́ tí wọ́n fi òòlù bàtà pamọ́ sínú àpótí bùrẹ́dì, tí wọ́n wá fẹ̀sùn kàn ọ́ pé o jẹ òòlù àwọn. Ó ti kọjá yẹ̀yẹ́ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé tíì fún wọn, wọ́n wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú, bàtà yín ò tíì jáde." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà aránbàtà ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè mí, torí iṣẹ́ aránṣọ mi: Abẹ́rẹ́, wá jẹun, Abẹ́rẹ́, o ti tún gbàgbé jígí rẹ. Wọn ò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n na ẹsẹ̀ kí àwọn tún un wọ̀n, mo na ẹsẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ sunkún.

Nǹkan kan ṣoṣo tí wọn ò gbàgbé ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ náà dàgbà sí ìdí okùn agogo yẹn, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń lù ú nírọ̀lẹ́ tí Ádífẹ́ǹtì, àsìkò tí à ń dúró de Kérésì, bá ku ọ̀la: ẹyọ kan, kí wọ́n dáwọ́ dúró ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run sínú dé Àmín, kí wọ́n tó lu òmíràn. Wọ́n máa ń sọ fún gbogbo wa pé agogo Kérésì ń pe èèyàn wá, agogo Ádífẹ́ǹtì ń kọ́ èèyàn láti dúró. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìgbéyàwó kan, ìyàwó ń wọlé bọ̀ nínú aṣọ funfun, bàbá rẹ ń lu agogo òkú. Ìyá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Àlùfáà ò bínú, ṣùgbọ́n ó gba okùn lọ́wọ́ wọn, ó fún káfíńtà kan nínú ìjọ. Bàbá rẹ kọ́ káfíńtà náà fúnra wọn, wọ́n kọ́ ọ dáadáa, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Bí wọ́n ṣe sọnù nìyí. Aṣọ elése àlùkò tí a fi ń bo pẹpẹ lásìkò Ádífẹ́ǹtì ti gbó, ìjọ sì ní kí n rán tuntun. O mọ̀ mí sí iṣẹ́: bí mo bá ti tẹ orí ba maṣíìnì, bí ilé ya lulẹ̀, mi ò ní mọ̀. Mo fi bàbá rẹ sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, mo fún wọn ní awọ àti òwú kí ọwọ́ wọn má ṣófo, mo wá lọ jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn. Mò ń fi òwú wúrà kọ ọ̀rọ̀ sí etí aṣọ náà: Ẹ MÁA ṢỌ́NÀ. Nígbà tí mo já òwú ti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tí mo jáde láti fi iṣẹ́ hàn wọ́n, àga ti ṣófo. Ọmọ mi, mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ká máa ṣọ́nà, ẹni tó yẹ kí n ṣọ́ sì ti bọ́ sóde. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ilé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ìyá oníbùrẹ́dì tó wà ní òdì kejì títì ló rí wọn kẹ́yìn. Ó ní bàbá rẹ kí òun dáadáa, wọ́n ní àwọn ń lọ pàdé ìyàwó àwọn, pé ó ti pẹ́ jù níta. Ó rò pé lóòótọ́ ni mo jáde, ó ní kí wọ́n máa rọra lọ. Èmi ni wọ́n ń wá lọ. Mo wà nínú ilé tí mò ń fẹsẹ̀ wa maṣíìnì, wọ́n sì gba ìta lọ láti lọ wá mi. 

A ti wá wọn dé ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ lè dé. Mo dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní kí ni àmì tí àwọn lè fi dá wọn mọ̀, mo ní ẹni tó bá ń wo bàtà èèyàn kó tó wo ojú, ọkọ mi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Mo dé ibùdókọ̀, mo dé abẹ́ afárá, mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn àtijọ́ tó ti di ibi tí wọ́n ń ta fóònù. Káfíńtà àti àwọn ọkùnrin ìjọ gba ẹ̀bá odò lọ, nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò fẹ́ wò mí lójú. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, pé òun gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù.

Lánàá ni ọlọ́pàá wá pè mí pé kí n wá wo òkú bàbá àgbàlagbà kan nílé ìwòsàn. Mi ò mọ ẹni tó gbé mi débẹ̀. Wọ́n ti bo ojú ẹni náà, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran: mo gbé bàtà náà, mo yí i padà, mo rí i pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ ò lè ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tí wọn ò fi òwú rán, bí ayé tilẹ̀ dojú dé. Mo ní, "Kì í ṣe òun! Ọlọ́run, mo dúpẹ́!" Mo pariwo rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé aya ẹlòmíràn ni mo ń fi ọpẹ́ yẹn lé lọ síbi òkú ọkọ rẹ̀, ojú tì mí, mo sì bá ẹni tí mi ò mọ̀ rí náà fi aṣọ bo ẹsẹ̀ tó yọ síta.

Àlùfáà wá láàárọ̀ yìí. Ó gbàdúrà tó dára, ó wá ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, àsìkò ìdúródè la bọ́ sí yìí. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún." Mo ní kí ó fi kìnnìún hàn mí ná, kí n tó mọ ibi tí n ó ti fún wàrà. Mo tún ní, "Ẹ̀yin mọ̀ pé Ẹni tí ẹ ń dúró dè ń bọ̀. Ta ló sọ fún mi pé tèmi ń bọ̀?" Ó jókòó tì mí títí tíì tí mo bù fún un fi tutù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn ju àdúrà lọ.

Báyìí ni mo ṣe ń múra sílẹ̀ de Ádífẹ́ǹtì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mo máa ń gbé omi ìwẹ̀ wọn kaná. Yóò tutù, n ó tún gbé e kaná. Mo ti kun bàtà wọn kejì, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ ní títì, mo ti dìde. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja mi, ọmọ mi. Àdúrà tó kù lẹ́nu mi kò ju "Ẹ jọ̀ọ́" lọ, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń tọrọ mọ́, bóyá kí wọ́n wà láàyè ni, tàbí kí n ṣáà ti mọ ibi tí wọ́n wà.

Má ṣe sọ pé ká ní o wà nílé ni. Èmi wà nílé, kí ni mo rí ṣe? Máa se oúnjẹ àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ, kí o sì máa wo iná rẹ dáadáa. Olúwa á mú ọ gòkè, á mú ọ sọ̀. Omi tó gbé ọ lọ ló máa gbé ọ padà. O ò ní dé ilé kó o bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tí o bá ń retí kò ní pẹ́ jù fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
Abẹ́rẹ́.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa, mo tún ya á. Wọ́n ti dé! Fara balẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé aṣọ pẹpẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí iṣẹ́ tí mo gbà ni. Káfíńtà wà nídìí okùn, ó ń lu agogo náà gẹ́lẹ́ bí bàbá rẹ ṣe kọ́ ọ: ẹyọ kan, ó dákẹ́. Ẹyọ kan, ó tún dákẹ́. Mo gbìyànjú láti bá a ka Baba Wa, mo dé "Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe," ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti ń gbé inú rẹ̀ láti Ọjọ́rú. Mi ò mọ ìgbà tí mo ju aṣọ pẹpẹ sílẹ̀, mo já okùn gbà, mo sì ń lu agogo bí ẹni tílé ẹ̀ ń jó, gbàǹgbàlà, gbàǹgbàlà, mo ń pariwo pé ó tó, mi ò dúró mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Káfíńtà ń fà mí lẹ́yìn, mo fi ìgúnpá gbá a dànù. Àwọn ará àdúgbò ti ń gbé korobá omi bọ̀. Àlùfáà sáré wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Ìyá oníbùrẹ́dì ń ké pé, "Níbo ló ti ń jó? Níbo ni?"

Ohùn kan wá láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ta ni oníranù tó wà nídìí agogo yẹn?"

Bàbá rẹ ni. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ wọn, ètè wọn ti là. Títí di báyìí mi ò mọ ibi tí wọ́n sùn. Agogo tí káfíńtà ń lù dáadáa kò mú wọn wá, torí kí ló fẹ́ mú wọn wá síbi tí nǹkan ti ń lọ dáadáa? Inú tó ń bí wọn ló gbé wọn dé. Mo dá agogo dúró, mo ṣì di okùn mú. Wọ́n wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, ohùn wọn wá rọlẹ̀, wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi okùn yẹn sílẹ̀. Ìyàwó mi ń gbọ́ agogo yìí níbi tó wà. Ó máa rò pé mi ò mọṣẹ́ mọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó ń gbọ́."

Wọ́n lu èyí tó kù fúnra wọn. Ẹyọ kan, a dúró. Nínú ìdúró yẹn, mo gbọ́ tí àwọn tó gbé korobá ń ka Baba Wa sínú, mo sì kà á dé Àmín.

Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti mu tíì, wọ́n wà lórí ibùsùn. Mo ti ti ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Wọ́n bẹ̀ mí kí oorun tó gbé wọn lọ, pé bí ìyàwó àwọn bá dé, kí n jọ̀ọ́ jí àwọn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo ṣèlérí. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwa méjèèjì la jọ ń dúró dè mí.