Ọkọ̀ Oníìrù Tó Dé Nínú Páálí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa wà láàyè, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó máa ń dùn mí nígbà tó bá wù ú. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ níbi tí oore wà. Ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ ti dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ìwé lọ, àmọ́ màá kọ ìwọ̀n tí ọwọ́ mi bá lè kọ.

Níjọ́ tí o pè, o ní o ti rí irú ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí mo máa ń wà fún dókítà nígbà èwe mi rà, pé yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí o tó sọ ìyókù fóònù ti kú. Mo mọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe fẹ̀ tó, ẹnu ọ̀nà wa ò lè gbà á. Ni mo bá pe bíríkìlà, ó wó òpó apá òsì àti ògiri tó tẹ̀lé e, mo gé ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀, ìyá rẹ tú okùn tó ń sáṣọ sí. Gbogbo àdúgbò ló jáde. Ọkùnrin kan gun alùpùpù dé, ó gbé páálí fún mi, ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Mo fọwọ́ sí i, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé alùpùpù rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà nítorí ọkọ̀ mi ń bọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi, ojú tì mí. O mọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì wa, tí a ń pè ní Àfi-tí-mo-bá-rí-i. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń sọ fún un pé mo wa ọkọ̀ tó nírù méjì bí ẹja, tí ẹnu epo rẹ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn iná ìrù òsì, láti ogójì ọdún náà ló sì ti ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ta ló ń rọ epo sẹ́yìn iná. Òpùrọ́ ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Dókítà ti kú, ọkọ̀ ti di irin àlòkù, mi ò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Mo ṣí páálí, ọkọ̀ náà ò gùn ju bàtà mi lọ. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Èrò mi ni pé wọ́n ri ojúlówó bọ omi gbígbóná ni, ló fi súnkì bí aṣọ òtútù. Òrùlé rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ búlúù gẹ́lẹ́ bí tiwa. Mo fi èékánná yí sítíárìn, táyà iwájú sì yí. Aago wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí aago ń wà. Mo ka ìlà tí wọ́n rán sára àga, mẹ́sàn-án ni, iye tí mo ń nù láràárọ̀ nìyẹn. Lábẹ́ ọkọ̀ náà wọ́n kọ 1:18, ó wá yé mi pé aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n parí rẹ̀, torí ẹni tó bá ṣe irú nǹkan báyìí gbọ́dọ̀ rántí àkókò tó parí rẹ̀.

Àfi-tí-mo-bá-rí-i rẹ́rìn-ín títí, ó ní irọ́ mi ti bímọ. Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo ń rò ó pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ò mọ̀ mí rí, kí ló kàn án pẹ̀lú ẹnu epo tí ẹnikẹ́ni ò ní rọ epo sí? Tí iná yìí ò bá ṣí, orúkọ òpùrọ́ ni màá gbé wọ sàréè. Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé iná ìrù òsì sókè. Ó ṣí. Ìdérí epo wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì. Àfi-tí-mo-bá-rí-i gba abẹ́rẹ́, ó pa iná náà dé, ó tún ṣí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá nu gírísì ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má bínú. Mo sunkún níwájú gbogbo wọn, mi ò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ní òun náà ò gbà mí gbọ́ rí. Ó ní nígbà tí mo ń ròyìn ọkọ̀ oníìrù kí n lè fẹ́ òun, òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun kàn fẹ́ràn ẹnu tó ń pa á ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu ju ti ọkọ̀ náà lọ, nítorí láti ogójì ọdún ló ti ń bá àwọn ará àdúgbò jà pé òótọ́ ni ọkọ òun ń sọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí bíríkìlà lè mọ òpó padà, ewúrẹ́ ti ń gba ibẹ̀ wọlé, kí o sì fi owó àpótí dígí tí màá gbé ọkọ̀ náà sí lé e. Bá mi kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà pé kí wọ́n ṣe ère dẹ́rẹ́bà kékeré sínú rẹ̀, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó. Ìyá rẹ ní kí wọ́n fi òun sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo ní kò ní bá òótọ́ mu, nítorí kò wọ ọkọ̀ náà rí. Ó ní òun ti bá mi gbé ohun tí òun rò pé irọ́ ni fún ogójì ọdún, kí èmi náà bá òun gbé ẹyọ kan. Nítorí náà, ènìyàn méjì ni kí wọ́n ṣe.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò gbà ọ́ gbọ́, kó sì fún ọ ní ẹnì kan tí kò ní gbà ọ́ gbọ́ rárá, tí kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, dẹ́rẹ́bà dókítà.